Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin àgbà Keidanren, lórí àwọn ọmọ Íńdíà tí ẹ ń pè wá ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà

Sí Keidanren, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Jàpáànì,
Ōtemachi, Tokyo.

Ẹ̀yin àgbà ọlọ́lá,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àbójútó. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kí n tó sọ tẹnu mi. Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gbé ní Edogawa, níhà ìlà-oòrùn Tokyo. Iṣẹ́ mi ni láti máa yẹ ohun tí àwọn tó ń kọ kóòdù bá ṣe wò, kí àṣìṣe inú rẹ̀ lè jáde kí ó tó dé ọwọ́ oníbàárà. Èdè Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, torí òun ni mo fi ń ronú nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dùn mí, àti torí pé àwọn ará ilé tó ń bi mí léèrè bóyá Jàpáànì ṣeé wá ní láti kà á pẹ̀lú. Bí ẹ bá fẹ́ ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún yín, mo ti ṣe tán.

Láti ibùdó ojú irin Nishikasai tí mo ti ń wọkọ̀ láràárọ̀, títí dé Ōtemachi tí ilé ẹgbẹ́ yín wà, ojú irin Tōzai kan ṣoṣo ni. Èèyàn kì í sọ̀ kalẹ̀ wọ òmíràn. Èyí wà lára ìdí tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Íńdíà fi pọ̀ ládùúgbò wa: ojú irin yẹn ló ń gbé wọn dé àwọn báńkì àti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá yọjú lójú fèrèsé yín kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ẹ ó rí wọn tí wọ́n ń gun àtẹ̀gùn jáde láti abẹ́ ilẹ̀, báàgì kọ̀ǹpútà lẹ́yìn wọn. Nítorí wọn ni mo ṣe jókòó kọ̀wé.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, Narendra Modi, olórí ìjọba Íńdíà, wá sí Tokyo. Òun àti Ishiba Shigeru, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, fẹnu kò lórí ètò pàṣípààrọ̀ èèyàn: láàárín ọdún márùn-ún, 500,000 èèyàn ni yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì, 50,000 nínú wọn yóò sì jẹ́ ọmọ Íńdíà tó mọṣẹ́ tàbí tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ tí yóò wá sí Jàpáànì. Ẹ̀yin agbanisíṣẹ́ lẹ nílò wọn jù. Ó pẹ́ tí METI, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ajé, ti sọ pé tó bá máa fi di 2030, òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí yóò dín lè tó 790,000. Àwọn náà ló kìlọ̀ ní 2018 pé bí àwọn ilé-iṣẹ́ bá ń fà sẹ́yìn láti kọ ẹ̀rọ àtijọ́ sílẹ̀, àdánù lè tó tírílíọ̀nù 12 yen lọ́dọọdún láti 2025 lọ. Àwọn ọmọ tí àwọn ará Jàpáànì bí ní 2024 kò sì pé 700,000, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ iye ọmọ sílẹ̀. Nítorí náà n kò ní bá yín jiyàn bóyá ẹ nílò àlejò tàbí ẹ kò nílò rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ẹ ti mọ àlejò í pè, ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n gbà.

Ẹ jẹ́ kí n yin ibi tó yẹ ní yíyìn. Ìjọba yín ti ṣe tirẹ̀ lórí físà. Láti 2012 ni wọ́n ti ń fi máàkì ka àwọn onímọ̀ gíga: ìwé ẹ̀rí ní máàkì tirẹ̀, ọjọ́ orí ní tirẹ̀, owó tí èèyàn ń gbà ní tirẹ̀. Ẹni tó bá ní 70 ti wọlé. Láti 2017, ẹni tó bá ní 80 lè tọrọ ìwé ìgbélùú ayérayé lẹ́yìn ọdún kan péré, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwa yòókù ń ka ọdún mẹ́wàá. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ Íńdíà lè wà lórí ìlà irú ìwé bẹ́ẹ̀ títí ewú yóò fi gba orí rẹ̀. Wàyí o, nínú ìṣirò máàkì Jàpáànì yìí, ẹni tó bá yege ìdánwò èdè yín ní ìpele N2 yóò gba 10, ẹni tó bá yege N1, tó ga jù, yóò gba 15. Ẹ wò ó dáadáa. Èrè ni ìjọba fi èdè ṣe, kò fi ṣe túláàsì. Ẹni tí kò gbọ́ ju “ẹ kú àárọ̀” lọ ṣì lè kó 80 jọ láti ibòmíràn. Ṣùgbọ́n kí ọmọ náà ṣí ìkéde iṣẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi síta wò: “N2 sókè”, “N1 nìkan”, ibi tí wọ́n ń kọ sí ìlà kìíní nìyẹn, kí wọ́n tó sọ iṣẹ́ tí èèyàn fẹ́ ṣe. Ẹnubodè tí ìjọba ṣí, ẹ̀yin lẹ tún gbé igi dábùú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé gbogbo yín kọ́ lẹ rí bẹ́ẹ̀. Rakuten, ilé-iṣẹ́ ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì di èdè ibi iṣẹ́ láti 2012, àwọn èèyàn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Mercari, tí àwọn èèyàn ti ń ta ọjà fún ara wọn lórí fóònù, gba ọ̀pọ̀ ọmọ Íńdíà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé ní 2018, lẹ́yìn náà ó lọ ṣí ọ́fíìsì sí Bangalore, ìlú àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Íńdíà. Ó ṣeé ṣe. Àwọn tó ṣe é kò parẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe tuntun ládùúgbò wa. Nígbà tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù pé kọ̀ǹpútà yóò dàrú ní òru tí 1999 bá di 2000, àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ láti Íńdíà wà lára àwọn tó wá tún un ṣe ní Tokyo. Ní oṣù kẹjọ 2000, Mori Yoshirō tó jẹ́ olórí ìjọba fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ Bangalore. Àwọn ọ̀dọ́ náà ń dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja, wọn kò rí ilé gbà, wọn kò rí oúnjẹ jẹ. Ẹni tó dìde sí ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe agbanisíṣẹ́. Oníṣòwò tíì ni, Jagmohan Chandrani, tó ti dé Jàpáànì láti 1978 tó sì fi Nishikasai ṣe ibùdó. Òun ló ń bá wọn wálé, òun ló ṣètò ibi tí wọ́n ti ń jẹun, òun ló kó wọn jọ di ẹgbẹ́ ará Íńdíà ní Edogawa. Ilé tí púpọ̀ wọn sì rí gbé ni ti UR, àwọn ilé àjọ ìjọba, torí UR kì í bèèrè onídùúró, kì í gba owó ẹ̀bùn onílé, kì í sì í wo ìlú tí èèyàn ti wá. Bí Nishikasai ṣe di ibi tí wọ́n ń pè ní Íńdíà Kékeré nìyẹn. Ilé-ìwé ọmọ Íńdíà ti wà níhà ibí láti 2004. Ní 2019, àwọn olùdìbò Edogawa fi Yogendra Puranik, tí wọ́n bí ní Íńdíà, sínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ìjọba ìbílẹ̀ wa.

Mo ń ka gbogbo èyí kí ẹ lè rí i pé àlejò yìí ń dúró bí ẹnì kan bá dì í mú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Íńdíà tó wà ní gbogbo Jàpáànì ní ìparí 2024 kò fi bẹ́ẹ̀ ju 50,000 lọ. Ètò tuntun yìí fẹ́ fi iye tó tó bẹ́ẹ̀ kún wọn láàárín ọdún márùn-ún. Oníṣòwò tíì kan kò lè gbé ẹrù yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilé, torí ojú mi ló ṣe. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn mo sin ọ̀rẹ́ mi kan lọ wá ilé. Ọmọ Pune ní Íńdíà ni, ibi iṣẹ́ kan náà la wà, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ nínú oṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀jẹ́ǹtì tó dá wa lóhùn jẹ́ ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan. Ó gbé tíì fún wa, ó tẹ́ àwòrán ilé méje sórí tábìlì, gbogbo rẹ̀ ni owó ọ̀rẹ́ mi ká. Ó wá gbé fóònù. Ohun tó kọ́kọ́ ń sọ fún onílé kọ̀ọ̀kan kì í ṣe iye tí ọ̀rẹ́ mi ń gbà lóṣù, kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́ wa tí gbogbo èèyàn mọ̀. “Gaikokujin no kata desu ga…” Àlejò ilẹ̀ òkèèrè ni o. Yóò dákẹ́, yóò tẹrí ba fún fóònù bí ẹni pé onílé wà níwájú rẹ̀, yóò sì rọra fi bírò fa ìlà lórí àwòrán ilé yẹn. Ó fa ti àkọ́kọ́. Ó fa ti ìkejì. Nígbà tó fa ìkarùn-ún, ọ̀rẹ́ mi na ọwọ́ sí i, ó ní kó má pè mọ́, pé òun rí i pé ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Ẹni tí wọ́n ń kọ̀ ló ń ṣàánú ẹni tó ń jíṣẹ́ ìkọ̀sílẹ̀.

Ìwádìí tí ilé-iṣẹ́ ìjọba yín tó ń rí sí ètò ìdájọ́ gbé jáde ní 2017 fi hàn pé nínú àwọn àlejò tó wá ilé láàárín ọdún márùn-ún, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni wọ́n ti kọ̀ rí nítorí pé wọn kì í ṣe ọmọ Jàpáànì. Èmi tí mo dàgbà sáàárín àgíríméǹtì àti kọ́míṣọ̀n, tí mo ti gbọ́ létí ara mi kí lánlọ́ọ̀dù ní Èkó sọ ẹ̀yà tí òun kò ní gbà sílé, mo mọ bó ṣe ń rí lára, n kò sì ní fi yín ṣe ẹni tó burú jù láyé. Ilé-iṣẹ́ wa ló dùn mí. Ọ̀rẹ́ mi lọ bá ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó ní ó ṣeni láàánú, ó ní ọ̀rọ̀ ilé kò sí lára ohun tí àwọn ń bójú tó fún ẹni tí wọ́n gbà láti ìta. Bẹ́ẹ̀ ìwé kan péré ni ìbá yanjú ẹ̀: kí ilé-iṣẹ́ gba ilé náà lórúkọ ara rẹ̀, tàbí kó ṣe onídùúró. Ẹ kúkú ń ṣe é. Ọmọ Jàpáànì tí ilé-iṣẹ́ ńlá bá gbé láti Ōsaka wá sí Tokyo, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ló sábà máa ń wá ibi tó máa sùn. Ṣé ẹni tó ti Pune wá ló wá mọ Tokyo ju ará Ōsaka lọ?

Ó tún wá ku iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ní Hyderabad, owó tí Jàpáànì yá Íńdíà wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ IIT tó wà níbẹ̀, ilé-ìwé gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2008, àwọn ilé-iṣẹ́ yín sì ń lọ síbẹ̀ wá òṣìṣẹ́. Ọmọ tó wọ irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ti la ìdánwò tó ń já ọgọ́ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún ọmọ sílẹ̀ lọ́dọọdún kọjá. Ó dé Tokyo, ó wo ìwé àdéhùn rẹ̀, kò rí iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe nínú rẹ̀. Wọ́n á ní kó má ṣe ìyọnu, tó bá dé wọ́n á wo ibi tí wọ́n lè fi í sí. Mo ti wá lóye ohun tó fà á. Láyé àtijọ́, ẹ kì í gba èèyàn síṣẹ́, sílé lẹ ń gbà á. Ọmọ Jàpáànì tó wọlé ní oṣù kẹrin mọ̀ pé wọ́n lè fi òun sídìí ọjà títà lónìí, kí wọ́n gbé òun lọ sídìí owó ní ọdún mẹ́ta, kí wọ́n tún gbé òun lọ sí ìlú mìíràn. Ó gbà bẹ́ẹ̀, torí ilé náà yóò bọ́ ọ títí di ọjọ́ ogbó. Ṣùgbọ́n alága yín tẹ́lẹ̀, Nakanishi Hiroaki, fẹnu ara rẹ̀ sọ ní 2019 pé àwọn ilé-iṣẹ́ kò lè máa gbé ìlérí iṣẹ́ títí ayé yẹn mọ́. Ẹ ti mú ìlérí kúrò, ẹ wá fi àjàgà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ti òkèèrè wá mú ìmọ̀ rẹ̀ bí káfíńtà ṣe ń mú àyùn. Bí kò bá fi gé pákó fún ọdún méjì, yóò dógùn-ún. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi ní dúró.

Ẹ̀ka mìíràn ọ̀rọ̀ náà ni pé àwọn kan kì í tilẹ̀ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó gbà wọ́n. Ilé-iṣẹ́ ńlá gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, agbaṣẹ́ṣe gbé e fún òmíràn, òmíràn tún wá yá èèyàn láti ibòmíràn. Ọmọ Íńdíà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kì í mọ ẹni tí òun ń ṣiṣẹ́ fún, owó tó sì ń bọ̀ láti òkè ti gba ọwọ́ púpọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní ti èdè, ẹ má ṣi mí gbọ́. Èmi kò sọ pé kí ẹ ju èdè yín nù nítorí àlejò. Yorùbá ni mí, mo mọ ohun tí èdè jẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìdánwò N2 kò kọ́ èèyàn ní ohun tó ń pa á lẹ́kún ní ibi iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìpàdé ọjọ́ Ajé kan fún yín. Èèyàn mẹ́rìnlá ló wà nínú yàrá náà. Ọ̀rẹ́ mi yìí ti rí i ní Ọjọ́bọ̀ pé bí oníbàárà bá tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń fà, ẹ̀rọ yóò yọ owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. N3, tó kéré sí N2, ni ó ní nígbà náà. Ó fi gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ tò ó sí èdè Jàpáànì, ó kọ ọ́ sórí páálí kékeré méjì, ó gbé wọn sábẹ́ tábìlì. Nígbà tó kàn án, ó sọ ọ́, ó sọ ọ́ dáadáa. Ọ̀gá náà mi orí lẹ́ẹ̀mejì, ó ní “Kentō shimasu.” Bí èèyàn bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ohun tí yóò rí ni “a ó gbé e yẹ̀ wò”. Ọ̀rẹ́ mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti gbà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ra kọfí fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Èmi náà kò tètè mọ̀. Mo ti pẹ́ jù ú lọ, ó yẹ kí n ti sọ fún un pé “kentō shimasu” nínú ìpàdé sábà máa ń jẹ́ “rárá” tí wọ́n fi aṣọ bò. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí pè. Wọ́n wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ìdí tí kò fi tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Kò sí ìwé ìdánwò tó ń kọ́ni ní èyí. Ẹni tó wà nínú yàrá náà ló lè kọ́ni. Wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ nínú àkókò iṣẹ́, pẹ̀lú olùkọ́ tí ilé-iṣẹ́ ń sanwó fún, fún ọdún méjì àkọ́kọ́, kò lè ba ilé-iṣẹ́ kankan jẹ́. Kí àwọn ọ̀gá náà wá jókòó sínú kíláàsì kejì, níbi tí wọ́n ti máa kọ́ bí a ṣe ń sọ “rárá” fún ẹni tí wọn kò bí sí ilẹ̀ yín.

Owó: n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ní 2024, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ní Jàpáànì ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi 240,000 yen lóṣù, ọjọ́ orí ló sì ń fa owó sókè ju ọgbọ́n lọ. Yen fúnra rẹ̀ ti yọ́. Níbẹ̀rẹ̀ 2021, ẹni tó bá fi 100,000 yen ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Íńdíà, nǹkan bíi 70,000 rupee ló ń dé ọwọ́ ìyá. Láàárín 2024, owó kan náà kò ju nǹkan bíi 52,000 lọ. Ìyá náà kò mọ ohun tó ń jẹ́ pàṣípààrọ̀ owó, ohun tó ń bi ọmọ rẹ̀ ni bóyá wọ́n ti dín owó rẹ̀ kù. Síbẹ̀ ọ̀nà ṣí fún yín báyìí. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, Donald Trump fi 100,000 dọ́là lé físà H-1B tuntun, físà iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé ọmọ Íńdíà ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ní Pune àti Hyderabad ló ń wo ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ wà lójà: Jámánì ti kéde láti 2024 pé físà òṣìṣẹ́ amọṣẹ́ tí àwọn yóò máa fún ọmọ Íńdíà yóò kúrò ní 20,000 lọ́dún di 90,000.

Mo fẹ́ kí ẹ rántí àwọn ìyàwó. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi jẹ́ onímọ̀ oògùn, ó ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́fà nílé kó tó wá. Físà ẹbí tó fi wọlé kò gbà á láyè ju wákàtí 28 lọ lọ́sẹ̀, òun náà sì ní láti kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda. Ó ń to búrẹ́dì sórí pẹpẹ ní ilé ìtajà kan lójú ọ̀nà wa. Kò ráhùn rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọkọ fi ń wo iṣẹ́ ní ìlú mìíràn lóru, kó wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ìjọba ló ń ṣe òfin, mo mọ̀. Bí ẹ̀yin bá kan ilẹ̀kùn ìjọba, wọ́n máa ń ṣí i.

Ní 1915, Rash Behari Bose tó ń bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà sá dé Tokyo. Wọ́n ní kó kúrò nílùú. Tọkọtaya tó ni ilé búrẹ́dì Nakamuraya ní Shinjuku gbé e pamọ́ sílé wọn. Ó fẹ́ ọmọ wọn. Ní 1927 ni ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí ta kọ́rì ọmọ Íńdíà, wọ́n ṣì ń tà á dòní. Onílé kan ló gbà á nígbà tí gbígbà á léwu. Mo máa ń rántí ìtàn yẹn nígbà tí mo bá rí ìlà bírò ẹ̀jẹ́ǹtì yẹn lójú mi.

Ọ̀rọ̀ tó kù ló ṣòro jù láti sọ. Ní oṣù keje 2025, ẹgbẹ́ òṣèlú Sanseitō tó ń polongo “ọmọ Jàpáànì lákọ̀ọ́kọ́” gba ìjókòó 14 nínú ìdìbò ilé aṣòfin àgbà. Oṣù kan lẹ́yìn náà, nígbà tí àdéhùn Modi àti Ishiba jáde, àwọn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì sọ 500,000 tó ń lọ tó ń bọ̀ di 500,000 ará Íńdíà tó ń kó wọlé. Ọ̀ràn yìí kan àwa ọmọ Nàìjíríà náà. Nínú oṣù kẹjọ yẹn kan náà, JICA, àjọ ìjọba Jàpáànì tó ń ran àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́, fi ìlú Kisarazu ní Jàpáànì ṣe “ìlú ẹlẹgbẹ́” Nàìjíríà, ìjọba wa nílé kọ ọ́ síta pé físà pàtàkì ń bọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ wa, Jàpáànì ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ariwo sọ, wọ́n ń pe ọ́fíìsì ìlú Kisarazu láìdúró, nígbà tó di oṣù kẹsàn-án JICA fagi lé gbogbo rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn, obìnrin àgbà tó máa ń kí mi láràárọ̀ nínú ẹ̀rọ agbéniròkè wojú ilẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ kò yá. N kò bi í.

Ẹ̀yin ti kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ fi ń gba ìjọba nímọ̀ràn pé Jàpáànì nílò àwọn òṣìṣẹ́ láti òkèèrè. Ẹni tó ń gbé nílé lókè ilé mi kì í ka ìwé yẹn. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ní èdè tó rọrùn, kí àwọn ọ̀gá tí gbogbo ìlú mọ ojú wọn sọ pé: àwa la pè wọ́n, ẹ̀rọ báńkì tí ẹ fi ń gba owó ìfẹ̀yìntì yín, ọwọ́ wọn wà nínú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fún wọn nílé. Bí ẹni tó pe àlejò bá dákẹ́ nígbà tí aládùúgbò ń bú u, àlejò náà yóò rò pé ìpè yẹn kò tọkàn wá.

Ẹ kọ iṣẹ́ sínú àdéhùn. Ẹ ṣe onídùúró. Ẹ sanwó fún ọgbọ́n, ẹ kọ́ wọn ní èdè nínú àkókò iṣẹ́, ẹ bá àwọn ìyàwó wọn sọ̀rọ̀ níwájú ìjọba. Kò sí èyí tó gba òfin tuntun lọ́wọ́ yín.

Ọ̀rẹ́ mi pè mí wá sílé wọn ní Sátidé tó kọjá. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ síwájú mi, ó ní kí n bá òun ka àdéhùn kan. Láti Jámánì ni. Iṣẹ́ tó máa ṣe wà lójú ewé kìíní, ìpínrọ̀ kejì, a kọ ọ́ ní ìlà mẹ́rin. Lójú ewé kẹta, wọ́n kọ iye oṣù tí ilé-iṣẹ́ yóò fi gbà wọ́n sílé kí wọ́n tó rí tiwọn. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, kò sọ̀rọ̀, ó ń wo ojú mi bí mo ṣe ń kà á. Ọmọbìnrin wọn wà nínú yàrá kejì, ó ti pé ọdún mẹ́jọ, èdè Jàpáànì ẹnu rẹ̀ yọ̀ ju tèmi lọ. Ó ń ka ìwé ilé-ìwé rẹ̀ sókè, orin kan ni wọn máa kọ ní ayẹyẹ oṣù tó ń bọ̀. Wọn kò tíì sọ fún un. Ìparí oṣù yìí ni àwọn ará Jámánì ń retí èsì.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Ọmọ Ìbàdàn kan, ní Edogawa